Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Ẹ Ní Kí Á Fún Àwọn Ará Gánà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Láti ìgbà tí ojú mi ṣì ń ríran láìlo awò ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí ni lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́yìn ìwọ́de tí àwọn kan ṣe ní Accra lóṣù Agẹmọ ọdún 2025, tí wọ́n ń gbé pátákó kiri pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé. Òǹkàwé náà ní kí ìjọba wa fún gbogbo ará Gánà tó wà nílẹ̀ yìí ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n di ẹrù wọn, "bí Ṣàgàrí ti ṣe fún wọn níjọ́sí." Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá bi ìyàwó mi pé ọmọ ọdún mélòó ló rò pé ẹni tó kọ ọ́ yóò jẹ́. Ó ní kò lè ju ogójì ọdún lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kanlẹ̀kùn mi láyé. Lẹ́ẹ̀kan, èmi ni wọ́n lé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo wà lára àwọn tó ń léni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló ń dùn mí jù.

Tàmálè, ní apá àríwá Gánà, ni wọ́n bí mi sí lọ́dún 1957, ọdún tí Gánà gbòmìnira gan-an. Bàbá mi ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ ṣáájú ogun Hitler. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń pàṣẹ níbi tí wọ́n ti gbéra àti níbi tí wọ́n ń lọ, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ oníṣòwò tó ru ẹrù sórí. Bí ẹ bá wọ ọjà Tàmálè nígbà èwe mi, ẹ ó bá àwọn ará Ìgbẹ̀tì, Ìgbòho, Ṣakí, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìsọ̀ ti ìsọ̀, tí àwọn ìyá ń fi Yorùbá, Haúsá àti Dagbani nájà pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwo onírin ni màmá mi ń tà, pẹ̀lú òwú àti ìlẹ̀kẹ̀. Bí àwọn Dagomba aládùúgbò wa bá kí wa láàárọ̀, "Dasiba" ni wọn yóò wí, àwa a sì dáhùn pé "Naa." Títí di òní, bí mo bá ń tòògbé lórí àga tí ẹnì kan sì jí mi lójijì, "Naa" ló máa ń bọ́ lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé ewúrẹ́ ni mo ń sín jẹ.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia, tí kò tíì lo oṣù méjì lórí oyè, kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kúrò ní Gánà. Ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀pẹ ni gbèdéke. Wọ́n ní iṣẹ́ kò sí fún ọmọ onílẹ̀ mọ́, àjèjì sì ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. N kò ní tan yín jẹ, ọ̀rọ̀ ọjà yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. A pọ̀ lọ́jà. A tún máa ń fi èdè wa dá iye lé ọjà níṣojú oníbàárà tí kò gbọ́ ọ, ó sì yẹ kó bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rí kò ju pé bàbá mi jókòó sórí àpótí níwájú ilé láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń ka àwọn tó ń kọjá bí ẹni tó ń ka owó.

Màmá mi ní tiwọn kò jókòó. Wọ́n kó àwo jáde. Àwo tí wọ́n ń tà ní sídì kan, ogún pẹ́sẹ́wà làwọn èèyàn ń ná an, wọ́n mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà wọn ni o, àwọn tó ti ń ra àwìn lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́wàá. Gbèsè tí àwọn yẹn jẹ náà kú síbẹ̀. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Màmá Fúsẹ́nì là ń pè wọ́n, ará Dagomba ni wọ́n, ẹ̀wà sísè ni wọ́n ń tà. Wọ́n wá lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wo òkìtì àwo náà, wọ́n ní kí màmá mi má tà á mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ gbé e wá sínú yàrá àwọn. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé e. A gbé e títí ibi tí wọ́n ń sùn fi ku bí ẹní kan péré.

Kùmásì la gbà, a bọ́ sí Accra, a kọjá Aflao sí Lomé, Kútọnu, Pọ̀tọ̀nófò, a wá wọlé ní Ìdíròkò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lórí lọ́rì tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ogun abẹ́lé kò tíì parí nílẹ̀ wa nígbà náà, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970 ló tó parí. Nítorí náà, ibi tí ojú kálukú wà yàtọ̀, ta ló fẹ́ ráyè àwọn ọmọ Yorùbá kan tó ti Gánà dé pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò? Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè mí ní "ọmọ Gánà." Bí wọ́n bá bú mi, Haúsá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, kí wọ́n má baà mọ ohun tí mo sọ. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ káàkiri Gánà, bàbá mi jẹ́ díákónì nínú ọ̀kan, òmíràn nínú wọn kò ku ju àga lọ.

Lọ́dún 1971, Haúsá kan tó ń ṣòwò obì béèrè ilé wa títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tú aṣọ kan, owó ló wà nínú rẹ̀. Màmá Fúsẹ́nì ti ta àwo náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀ ní iye tí màmá mi ń tà á gan-an, wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ fún wa pé méjì fọ́. Àwọn ló fọ́ ọ, wọ́n ti san owó rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ó di ọdún 1983. Mo ti di olùkọ́ ní Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Télọ̀ kan wà ní ojúlé wa, ará Kùmásì, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bọ̀dá Gánà. Orúkọ lásán ni bọ̀dá yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún ìdajì àdúgbò, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti kó ọmọ kún ilé ìwé nígbà náà. Àwọn ará Gánà pọ̀ gan-an: olùkọ́, bíríkìlà, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Owó epo ló fà wọ́n wá, gẹ́gẹ́ bí owó kòkó ti fa bàbá mi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́, Alhaji Ali Baba, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Ṣàgàrí, kéde pé àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ kúrò kí oṣù tó parí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó epo ti já, ìdìbò ń bọ̀ lóṣù Ògún, wọ́n sì ní àjèjì ló ń jalè. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ ìjọba sí, wọ́n sì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan títí di òpin oṣù Èrèlé, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lójú títì pé iṣẹ́ ọwọ́ ni òun ń ṣe? Wọ́n fojú bu iye àwọn tó lọ sí mílíọ̀nù méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ará Gánà nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kẹ́rù náà là ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní. Àwa ń fi kó aṣọ lọ síbi ìnáwó, a sì ń fi orúkọ náà ṣàwàdà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ti dí kí wọ́n tó lé wọn. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà pa láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1982, nítorí àwọn tó ń fi fàyàwọ́ kó ọjà jáde. Tógò wò ó pé bí àwọn bá gba àwọn èèyàn yìí wọlé tí Gánà kò sì ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ àwọn ni wọn yóò kù sí, ni wọ́n bá ti tiwọn. Bẹ̀nẹ̀ náà ti tirẹ̀ fún ìdí kan náà. Gbogbo wọn ló rò ó bó ṣe yẹ kí ìjọba máa ronú. Ọgbọ́n tí ìjọba mẹ́rin gbọ́n lẹ́sẹẹsẹ ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn pamọ́ sínú oòrùn Sẹ̀mẹ̀, láìsí omi, láìsí ilé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn kan lọ ń wá ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Rawlings tó ṣí ẹnubodè, tó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Sẹ̀mẹ̀ ni mo wà. Mọ́kọ́lá ni mo wà. Bọ̀dá Gánà wá bá mi lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Singer alátẹ̀ẹ́sẹ̀, ló fẹ́ tà, kò lè gbé e lọ. Ó mọ̀ pé ìyàwó mi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ. Àádọ́jọ náírà ló pè é, kò sì wọ́n. Owó oṣù mi nígbà náà lé díẹ̀ ní igba náírà, mo lè wá àádọ́jọ náà bí mo bá yá díẹ̀ kún un. Náírà márùndínláàádọ́ta ni mo fún un. Mo mọ̀ pé yóò gbà á. Ìdí tí mo fi mọ̀ ni pé mo ti rí i rí bí wọ́n ṣe ń ná ẹni tó ń lọ lójà.

Ó ka owó náà. Ó ní, "Medaase." Mo gbọ́ Twi díẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Lẹ́yìn tó lọ ni a rí ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ló kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ ilé ìwé sí, orúkọ, àyà, ìbàdí, iye tí òbí ti san. Ó ti fa ìlà sórí gbogbo rẹ̀. Ó ti rán gbogbo aṣọ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ fún un, ó sì ti pín in láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé ìkéde náà. Ẹ̀rọ yẹn ló fi rán an kó tó tà á fún mi.

Màmá mi wá kí wa ní Ìbàdàn nígbà Àjíǹde. Wọ́n rí ẹ̀rọ. Wọ́n béèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, wọ́n béèrè iye tí mo rà á. Mo sọ fún wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ooru ilé mi ń mú wọn láyà. Títí wọ́n fi kú lọ́dún 1996, wọn kò jẹ́ kí ìyàwó mi fi ẹ̀rọ náà rán nǹkan fún wọn.

Ó dára. Ẹni tó kọ lẹ́tà níjọ́sí lè ní èyí kò kan òun, pé ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba lòun ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn-àjò, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Gánà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gan-an, Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ọmọ-ọmọ mi tẹ àdéhùn yẹn jáde fún mi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo èèyàn ló máa ń dárúkọ ibi tó ti ní ọmọ ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Díẹ̀ ló máa ń ka dé abala kọkànlá. Ibẹ̀ ló ti sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ lé ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni náà àti fún ìjọba rẹ̀, òun tó ń léni ni yóò san owó ọkọ̀, yóò dáàbò bo ẹni náà àti ìdílé rẹ̀, yóò sì ṣọ́ dúkìá rẹ̀ kó sì dá a padà fún un. Dúkìá rẹ̀. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bí mo ti ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí i ni mo ra Singer ní náírà márùndínláàádọ́ta.

Ó tún kù. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí àwọn olórí fọwọ́ sí ní Nairobi lọ́dún 1981, sọ nínú abala kejìlá pé èèwọ̀ ni lílé àjèjì lápapọ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: èyí tó bá dojú kọ àwọn èèyàn nítorí orílẹ̀-èdè wọn, ìran wọn, ẹ̀yà wọn tàbí ẹ̀sìn wọn. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa nínú ọdún 1983 kan náà, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti lọ. Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́dún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari tún lé àwọn àjèjì, iye tí wọ́n máa ń dá ni 700,000. Òfin wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ta ló gbé e wò?

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní èmi ń fi omijé ṣe ètò ìlú. Ó ní orílẹ̀-èdè kì í lọ́rẹ̀ẹ́, àǹfààní tirẹ̀ ló ń wá. Mo ní ó dára, ìwọ lo kàwé ìṣirò, ẹ jẹ́ ká ka àǹfààní náà. Nígbà tí Busia lé wa, àwọn àgbẹ̀ kòkó wá rí i pé lébìrà kò sí lóko mọ́. Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1972, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọrọ̀ ajé tí kò gún. Nígbà tí Ṣàgàrí lé wọn, kò sí dọ́là kan tó kún owó epo. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró ní lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì fún ọdún márùn-ún nítorí bíríkìlà ti lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983 ni àwọn ológun kó Ṣàgàrí náà nílẹ̀. N kò sọ pé èpè ló jà, n kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo kàn ń béèrè ohun tí a jèrè. Kí ọdún mẹ́wàá ìyẹn tó pé, àwa olùkọ́ Nàìjíríà náà ti ń tò síbi tí wọ́n ti ń gba físà. Ọmọ mi dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un fún ẹni tó fẹ́ràn àǹfààní. Ẹ lọ sí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò jìnnà sí wa níbí. Ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá tó ń ta ata. Owó Àbíjàn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀, iran mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ Èjìgbò ń gbà dé Àbíjàn? Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà. Bí a bá lé Gánà lónìí tí Gánà sì ti ẹnubodè lọ́la, ta ni yóò sùn sójú títì? Ẹni tó kọ lẹ́tà ní Èkó kọ́.

Kò yẹ ká máa ṣe bí ẹni pé Gánà kò jẹ̀bi nǹkan kan. Òfin wọn ti ọdún 2013 ní àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò títà àti rírà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là owó Amẹ́ríkà kó sì gba ọmọ Gánà ogún síṣẹ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù ní Circle ní Accra ni wọ́n sì ń fi lé. Ta ló ní mílíọ̀nù kan dọ́là tí yóò máa ta ṣájà? Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ wa pa lọ́dún 2019, wọ́n tún tì í lọ́dún 2020. Lójú tèmi, ìyẹn kò bá àdéhùn Dakar mu. Bí ọmọ wa kan bá sì jalè níbẹ̀ tàbí tó ń ṣe Yahoo, kí wọ́n mú un lórúkọ ara rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àwa náà ti ti ẹnubodè wa pa mọ́ Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù Ògún 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020 nítorí ìrẹsì, èmi sì mọ ìyá kan ní Ìdíròkò tí tòmátì rẹ̀ jẹrà tán ní òdìkejì. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger lọ́dún 2023, a gé iná tí a ń tà fún wọn, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn sì ni. Ọ̀gágun tí a ń bínú sí ní jẹnẹrétọ̀ nílé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àwọn àti Mali àti Burkina Faso bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ kúrò nínú ECOWAS.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba wa ṣe kò ṣòro. Nígbà ìwọ́de oṣù Agẹmọ, wọ́n rán mínísítà lọ bá Ààrẹ Mahama ti Gánà, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má dúró síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ECOWAS wà ní Àbújá, láti ọdún 2005 ni ẹnikẹ́ni nínú wa ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ìjọba san owó lọ́yà fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù dọ́là náà lọ síwájú adájọ́. Kí wọ́n sì ṣe òfin níbí pé ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ lé gbọ́dọ̀ rí adájọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kó sì ní oṣù mẹ́ta láti ta ẹrù rẹ̀ bó ṣe yẹ kí èèyàn ta ẹrù. Bí a bá ní ìyẹn nílẹ̀ níbí, a ó lẹ́nu láti bèèrè rẹ̀ ní Accra. Báyìí, bí a bá ṣí ẹnu, Ghana-Must-Go ni wọn yóò fi dí i fún wa, wọn kò sì jẹ̀bi.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ mi ti gùn. Ó ku ohun kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gé e kúrò bí àyè bá há.

Mo lọ sí Kùmásì lọ́dún 2004, mo lo ọjọ́ mẹ́rin, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ọjà Kejetia títí wọ́n fi ń fi mí ṣẹ̀rín. Orúkọ tí mo mọ̀ kò ju Bọ̀dá Gánà lọ, ta ni kì í ṣe bọ̀dá Gánà ní Gánà? Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn yín kì í dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ télọ̀ kan tó gbé ní Mọ́kọ́lá títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún èékánná àtàńpàkò òsì rẹ̀ tí èékánná náà kò sì hù dáadáa mọ́, bá mi sọ fún un, tàbí fún àwọn ọmọ rẹ̀, pé ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan la ti pààrọ̀, ó ṣì ń ránṣọ. Ìwé kékeré náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Náírà márùndínláàádọ́fà ni mo jẹ ẹ́, mo sì ti ní kí ọmọ mi oníbáǹkì bá mi ṣírò ohun tó ti dà lónìí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Tàmálè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.